Ta ló wẹ̀ fún Bàbá láàárọ̀ yìí? Bí ikọ̀ oníṣẹ́ ìlera ṣe lè mọ ibi tí ìtọ́jú wọn yọrí sí

Nọ́ọ̀sì kan ló fi ìbéèrè yìí ránṣẹ́. Mo gé e kúrú díẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ náà nìyí:

"Ẹ kú iṣẹ́, mà. Ilé ìwòsàn ìjọba kan ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Láti èṣí ni a ti kó ara wa jọ láti máa tọ́jú àwọn tí àrùn rọpárọsẹ̀, èyí tí òyìnbó ń pè ní stroke, bá kọlù: dókítà kan, àwa nọ́ọ̀sì, físíò méjì, apoògùn kan, onímọ̀ oúnjẹ kan àti òṣìṣẹ́ wẹ́fíà kan. Ọ̀gá àgbà wa wá ní ká fi ẹ̀rí hàn pé ikọ̀ yìí ń ṣe aláìsàn láǹfààní, ká sì sọ ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan mú wá. Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ ríru tó wálẹ̀ ni ká kọ. Àwọn físíò ní ìrìn ni. Èmi ní egbò àdùbúlẹ̀ tí a kò rí mọ́ ni. A fẹ́rẹ̀ẹ́ jà. Kí ni ká wọ̀n gan-an, ta ni yóò sì gba ìyìn rẹ̀? Bàbá kan tún wà tó kú ní ọjọ́ kejì tí wọ́n gbé e dé. Ṣé ká ka òun náà mọ́ ọn?"

Ẹ kú iṣẹ́, arábìnrin mi, ẹ sì kú ìfaradà. Ìjà tí ẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ jà yẹn, mo ti wà nínú irú rẹ̀ rí. Ọdún 31 ni mo fi ṣe iṣẹ́ físíò kí n tó fẹ̀yìn tì, àwọn tí rọpárọsẹ̀ dá dùbúlẹ̀ ni mo sì fi èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ tọ́jú. Bí mo ṣe yẹ lẹ́tà yín wò, ìbéèrè méjì ni ọ̀gá yín dì pọ̀ bí ẹni pé ọ̀kan ni. Èkíní ni pé, ṣé àwọn tó gba ọwọ́ yín kọjá ń gbé ayé tó sàn ju èyí tí wọn ìbá máa gbé lọ? Èkejì ni pé, ta ló ṣe é nínú yín? Èkíní ṣeé dáhùn bí ẹ bá ní sùúrù. Èkejì ló ń fa ìjà, bí ẹ bá sì jẹ́ kó ṣíwájú, yóò ba èkíní jẹ́, nítorí kálukú yóò máa wọn ohun tó máa buyì kún iṣẹ́ tirẹ̀, kò sì sẹ́ni tí yóò béèrè bí Bàbá ṣe ń ṣe nílé.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ya ohun tí ẹ ṣe sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tó ti ibẹ̀ jáde. Ní ọdún 1966, Avedis Donabedian, dókítà tí wọ́n bí ní Beirut tó sì di olùkọ́ ní Yunifásítì Michigan ní Amẹ́ríkà, sọ pé ọ̀nà mẹ́ta la lè gbà wo bí ìtọ́jú ṣe dára sí: ohun tó wà nílẹ̀ (bẹ́ẹ̀dì, oògùn, òṣìṣẹ́), iṣẹ́ tí a fi wọ́n ṣe, àti ibi tí ọ̀rọ̀ aláìsàn yọrí sí. Iye ìgbà tí físíò bá aláìsàn rìn, iṣẹ́ ni. Oògùn tí apoògùn kó fún un, iṣẹ́ ni. Ẹ̀jẹ̀ ríru tó wálẹ̀ sún mọ́ àyọrísí díẹ̀, nítorí ó ń dín ewu rọpárọsẹ̀ kejì kù, ṣùgbọ́n aláìsàn fúnra rẹ̀ kì í mọ̀ ọ́n lára. Egbò àdùbúlẹ̀ tí kò sí, àyọrísí ni lóòótọ́, ẹ kú iṣẹ́ rẹ̀ gidigidi, ṣùgbọ́n ènìyàn lè wà láìní egbò kankan lára kó sì wà lórí ẹní láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Gbogbo ohun tí ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dárúkọ ló yẹ ní kíkọ. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó dáhùn ìbéèrè èkíní.

Ní ti ìyìn, ẹ wo ẹ̀kọ mímu lásán. Ìyá kan dé, ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ kò gbé nǹkan mì dáadáa. Nọ́ọ̀sì fi omi ṣíbí kan dán an wò kó tó fún un ní ohunkóhun, ó rí i pé ó ń húkọ́, ó dá oúnjẹ dúró. Físíò kọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ bí wọ́n ṣe máa gbé e jókòó kó dúró ṣánṣán. Onímọ̀ oúnjẹ ní kí ẹ̀kọ náà ki dé ìwọ̀n báyìí. Dókítà ṣọ́ àyà rẹ̀. Òṣìṣẹ́ wẹ́fíà lọ bá àwọn mọ̀lẹ́bí tó fẹ́ gbé e lọ torí owó sọ̀rọ̀, wọ́n sì gbà kó lo ọ̀sẹ̀ kan sí i. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, ìyá gbé ife dání, ó mu ẹ̀kọ rẹ̀. Ta ló ṣe é? Àwọn àgbà ní ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù, ṣùgbọ́n n kò gbọ́ ọ rí pé ẹnì kan béèrè èwo nínú àwọn ààrò náà ló se ọbẹ̀. Ìwádìí tó tóbi jù lọ lórí irú iṣẹ́ yín gan-an sọ ohun kan náà. Àwọn olùwádìí tó kó ìdánwò nípa wọ́ọ̀dù rọpárọsẹ̀ jọ láti orílẹ̀-èdè púpọ̀, tí wọ́n tẹ àkójọ wọn jáde ní 1997 tí wọ́n sì ti ń tún un ṣe láti ìgbà náà, rí i pé ẹni tí ikọ̀ kan tọ́jú pọ̀ ní àǹfààní ju ẹni tó wà ní wọ́ọ̀dù gbogbogbòò lọ láti wà láàyè, láti dá nǹkan ṣe fúnra rẹ̀, àti láti wà nínú ilé ara rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún kan lẹ́yìn náà. Kò sí oògùn kan tàbí oníṣẹ́ kan tí wọ́n lè nawọ́ sí pé òun nìkan ló fà á. Ikọ̀ ni oògùn náà. Ẹ sọ ìyẹn fún ọ̀gá yín.

Ṣùgbọ́n ìbéèrè rẹ̀ kì í ṣe ti òmùgọ̀. Òun ló ń san owó oṣù ènìyàn mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá, ó sì lẹ́tọ̀ọ́ láti mọ ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ń ṣe. Ọ̀nà tí mo rí tó ṣiṣẹ́ ni kí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan mú ìlérí kan ṣoṣo tó máa ṣe fún gbogbo aláìsàn láìyọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀, kí wọ́n sì máa kọ ọ́ bóyá ó ṣe é tàbí kò ṣe é. Nọ́ọ̀sì: kò sí oúnjẹ tàbí oògùn lẹ́nu kí a tó dán ọ̀fun wò. Físíò: aláìsàn tó bá ṣeé gbé yóò jókòó kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì ní ọjọ́ tí a fẹnu kò sí. Dókítà: oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí mọ̀lẹ́bí lè rà ní ìlú wọn ni yóò kọ fún wọn lọ sílé. Apoògùn: ẹni tó máa tọ́jú Bàbá yóò lè fi ẹnu ara rẹ̀ sọ oògùn kọ̀ọ̀kan àti àsìkò rẹ̀ kí wọ́n tó lọ. Wẹ́fíà: ìpàdé pẹ̀lú mọ̀lẹ́bí kí ọ̀sẹ̀ kìíní tó parí. Ìyẹn ni ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan mú wá, kò sì ní ìjà nínú. Àyọrísí ti gbogbo yín ni.

Kí wá ni àyọrísí yẹn? Ní 1965, dókítà kan, Florence Mahoney, àti físíò kan, Dorothea Barthel, tẹ ìwọ̀n kan tí a ń pè ní ìwọ̀n Barthel jáde láti inú iṣẹ́ wọn ní ìpínlẹ̀ Maryland ní Amẹ́ríkà. Inú mi máa ń dùn pé dókítà àti físíò ló jọ ṣe é. Nǹkan mẹ́wàá ló ń béèrè: jíjẹun, wíwẹ̀, títọ́jú ojú àti irun, wíwọṣọ, ìgbẹ́, ìtọ̀, lílo ilé ìgbẹ́, kíkúrò lórí bẹ́ẹ̀dì bọ́ sórí àga, rírìn, àti gígun àtẹ̀gùn. Ẹni tí kò lè ṣe ọ̀kankan ní òdo, ẹni tó ń dá gbogbo rẹ̀ ṣe ní 100. Wíwẹ̀ kò ju máàkì 5 lọ, jíjẹun kò ju 10, rírìn lè dé 15. Kò gba ẹ̀rọ, kò gba iná mànàmáná, ìṣẹ́jú díẹ̀ ló ń gbà, ẹnikẹ́ni nínú yín ló sì lè kọ́ ọ. Mo fara mọ́ ọn pé kí ó jẹ́ òpó ilé yín. Ẹ gbà á lọ́jọ́ tí aláìsàn bá dé, lọ́jọ́ tó ń lọ sílé, àti ní ọjọ́ 90 sí ọjọ́ tí àìsàn kọlù ú. Mo ní ọjọ́ tí àìsàn kọlù ú o, mi ò ní ọjọ́ tó dé ọ̀dọ̀ yín. Ẹni tó lo ọ̀sẹ̀ méjì nílé tàbí ní orí òkè àdúrà kí wọ́n tó gbé e wá ti la àwọn ọjọ́ tó léwu jù kọjá. Bí ẹ bá kà á pọ̀ mọ́ ẹni tó dé láàárín wákàtí mẹ́ta, yóò dà bí ẹni pé pípẹ́ nílé dára.

Àléébù ìwọ̀n yìí wà, ẹ sì gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n kó má baà tàn yín jẹ. Kò béèrè ọ̀rọ̀ sísọ. Kò béèrè ìrántí. Ẹni tó ní 100 lè má lè pe orúkọ ìyàwó rẹ̀. Mahoney àti Barthel fúnra wọn kọ ọ́ pé 100 kò túmọ̀ sí pé ènìyàn lè dá gbé. Èkejì ni pé Maryland ni wọ́n ti ṣe é, ilé wa yàtọ̀. Ọkùnrin tí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ rọ, tó ń fi ọwọ́ òsì gbé ṣíbí dé ẹnu, máàkì 10 ló gbà ní jíjẹun, ó pé. Àmọ́ Bàbá yẹn kò ní jẹun níwájú àlejò mọ́ títí ayé rẹ̀, kò sì ní lọ sí òde ìnáwó, nítorí ó mọ ojú tí àwọn ènìyàn wa máa fi wo ẹni tó ń fi òsì jẹun. Ó ní 10, ojú sì ń tì í. Bákan náà ni ti ilé ìgbẹ́: kíkúrò lórí àwo ìgbẹ́ wọ́ọ̀dù yín rọrùn ju lílóṣòó lórí ṣáláńgá lọ. Àtẹ̀gùn ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ilé wa kò ní, gọ́tà iwájú ilé ló wà níbẹ̀, pákó kan ṣoṣo ni wọ́n fi dí i. Ẹ má tìtorí èyí yí ìwọ̀n náà padà, torí bí ẹ bá fọwọ́ kàn án, ẹ kò ní lè fi tiyín wé ti ilé ìwòsàn mìíràn. Ẹ fi í sílẹ̀ bó ṣe wà, kí ẹ wá kọ ìbéèrè tiyín mẹ́ta tàbí mẹ́rin sí ìsàlẹ̀ rẹ̀: Ṣé wọ́n ń jẹun pẹ̀lú àwọn ènìyàn? Ṣé wọ́n lè dìde láti orí ẹní? Ṣé wọ́n ti kọjá gọ́tà jáde sí ìta?

Ohun kan tún wà tó máa ń dà mí láàmú ju gbogbo ìyẹn lọ, tí n kò sì rí nínú ìwé kankan nígbà tí mo ń kẹ́kọ̀ọ́. Ìwọ̀n Barthel ń béèrè ohun tí aláìsàn ń ṣe, kò béèrè ohun tó lè ṣe. Ní ilẹ̀ wa, ọmọ tó mọ ẹ̀kọ́ kò ní jókòó kí bàbá rẹ̀ máa fi ọwọ́ kan wọ ṣòkòtò. Yóò dìde, yóò wọ̀ ọ́ fún un. Yóò wẹ̀ fún un, yóò fi oúnjẹ sí i lẹ́nu, àdúgbò yóò sì máa yìn ín. Mo ti tọ́jú ọkùnrin kan tó ń dá wọṣọ kó tó kúrò lọ́dọ̀ wa. Nígbà tó padà wá lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ti le gbagidi, kò lè gbé e sókè mọ́. Àwọn ọmọ rẹ̀ kò ṣe àìdáa kankan sí i, ìfẹ́ ni. Máàkì tó wálẹ̀ lọ́jọ́ yẹn kì í ṣe ti Bàbá nìkan, tiwa ni, nítorí a kọ́ aláìsàn a kò kọ́ ilé. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń bẹ àwọn ọmọ lójú baba wọn pé kí wọ́n ka ọgọ́ta lọ́kàn wọn kí wọ́n tó ran án lọ́wọ́. Mo sì máa ń ní kí Bàbá fúnra rẹ̀ pàṣẹ fún wọn pé òun ló ní kí wọ́n dúró, torí bí kì í bá ṣe òun ló sọ ọ́, wọn kò ní gbà.

Ní ti ìdùnnú wa pé máàkì gòkè, mo ní láti bu omi díẹ̀ sí i. Ara máa ń gba púpọ̀ padà fúnra rẹ̀ lẹ́yìn rọpárọsẹ̀, ní oṣù 3 àkọ́kọ́ pàápàá. Bí ìyá kan bá wọlé pẹ̀lú 20 tó sì lọ sílé pẹ̀lú 60, kì í ṣe gbogbo 40 yẹn ló ti ọwọ́ yín wá. Mélòó ni tiyín nínú rẹ̀? Ẹ kò lè mọ̀ ọ́n lára ẹnì kan ṣoṣo, ẹnikẹ́ni tó bá sì sọ pé òun mọ̀ ọ́n ń fẹ́ ta nǹkan fún yín ni. Ọ̀nà tó sún mọ́ òtítọ́ ni kí ẹ fi àwọn tí ẹ tọ́jú wé àwọn tó jọ wọ́n kí ikọ̀ yín tó bẹ̀rẹ̀, tàbí àwọn tó jọ wọ́n ní ibòmíràn. Ọ̀rọ̀ wá di pé, kí ni 'jọ wọ́n'? Ọjọ́ orí, bí àìsàn náà ṣe le tó lọ́jọ́ àkọ́kọ́, bóyá ó ti kọlù wọ́n rí, àti bí wọ́n ṣe tètè dé. Bí dókítà yín bá ti kọ́ ìwọ̀n NIHSS, tí a fi ń mọ bí rọpárọsẹ̀ ṣe le tó, tó ń lọ láti òdo dé 42, kó máa gbà á lọ́jọ́ tí wọ́n bá dé. Bí kò bá tíì kọ́ ọ, ẹ kọ ohun mẹ́ta sílẹ̀ ní kedere: ṣé aláìsàn mọ ara rẹ̀, ṣé ó lè sọ̀rọ̀, ṣé ó lè gbé apá àti ẹsẹ̀ tó rọ. Láìsí èyí, ilé ìwòsàn tó ń gba àwọn tí àìsàn wọn fúyẹ́ yóò máa dà bí akọni, tiyín tó ń gba àwọn tí gbogbo ènìyàn ti kọ̀ sílẹ̀ yóò sì máa dà bí ọ̀lẹ.

Ọjọ́ 90 ló le jù nínú gbogbo rẹ̀, ibẹ̀ ni òtítọ́ sì wà. Oníṣẹ́ abẹ kan ní Boston, Ernest Codman, ti ń pariwo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún pé ilé ìwòsàn gbọ́dọ̀ tọpa gbogbo aláìsàn títí yóò fi mọ̀ bóyá ìtọ́jú rẹ̀ ṣiṣẹ́, bí kò bá sì ṣiṣẹ́, kó wádìí ìdí rẹ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò fẹ́ràn ọ̀rọ̀ náà. Ó ní láti dá ilé ìwòsàn kékeré tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1911 kó tó lè ṣe é bó ṣe fẹ́. Ní ilé ìwòsàn kan tí mo ti ṣiṣẹ́, a máa ń kọ 'ara rẹ̀ ti yá díẹ̀, ó ti lọ sílé' sí ẹ̀yìn fáìlì, a ó sì kà á sí àṣeyọrí. Nígbà tí àwa díẹ̀ wá bẹ̀rẹ̀ sí pe àwọn nọ́ńbà tó wà nínú fáìlì náà, a rí i pé nínú àwọn tí a kà sí àṣeyọrí, àwọn kan ti kú kí oṣù tó parí. Owó ló tán lọ́wọ́ àwọn mìíràn tí wọ́n fi lọ, ara wọn kò yá rárá. Ó dùn mí gan-an. Nítorí náà, ẹ máa kọ ìdí tí aláìsàn fi lọ. 'Owó tán' jẹ́ ìdí, ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Kí òṣìṣẹ́ wẹ́fíà yín gba nọ́ńbà mẹ́ta lọ́jọ́ àkọ́kọ́: ti ọmọ tó ń sanwó, ti ẹni tó máa bá Bàbá sùn, àti ti aládùúgbò tàbí ẹnì kan ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí wọn. Ọmọ lè pààrọ̀ síìmù, aládùúgbò kì í sábà ṣe bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí ẹ bá sì pè, ẹ ṣọ́ra fún 'a dúpẹ́'. Bí ẹ bá béèrè pé, "Ara Bàbá ńkọ́?" wọ́n á ní, "A dúpẹ́ o." Bí ẹ bá béèrè pé, "Ṣé ó ń sàn sí i?" wọ́n á ní, "Ọlọ́run ń ṣe é." Kì í ṣe irọ́ ni wọ́n ń pa. A kì í fi ẹnu wa gba ibi, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé nǹkan kò dára. Ṣùgbọ́n kò sí máàkì kankan tí a lè fún 'a dúpẹ́', torí ẹni tó ń rìn lọ sọ́jà ń sọ ọ́, ẹni tó wà lórí ẹní ń sọ ọ́. Ìbéèrè nípa ohun tó ṣẹlẹ̀ lónìí ló ń mú ìdáhùn gidi wá. Ta ló wẹ̀ fún Bàbá láàárọ̀ yìí? Ibo ni wọ́n ti jẹun òwúrọ̀, kí ni wọ́n fi gbé e dé ẹnu? Ìgbà wo ni wọ́n jáde kúrò nínú ọgbà gbẹ̀yìn? Aṣọ wọn mélòó lẹ fọ̀ láàárín òru àná sí òní? Ẹni tó gbé fóònù kò ní láti sọ pé nǹkan kò dára. Ohun tó ṣe láàárọ̀ nìkan ni yóò sọ. Bí ìdákẹ́jẹ́ bá gùn lẹ́yìn tí ẹ dárúkọ Bàbá, tí ẹni náà wá rọra ní, "Wọ́n ti sùn," ẹ fi ìwé sílẹ̀, ẹ kí wọn kú àsẹ̀yìndè. Ìgbà mìíràn lẹ máa béèrè ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀.

Ẹni tó pè kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹni tó tọ́jú aláìsàn náà jù. Èmi fúnra mi mọ̀ pé nígbà tí mo bá ń fún aláìsàn tèmi ní máàkì, ojú mi máa ń rí ohun tí ọkàn mi ń fẹ́. Kí nọ́ọ̀sì gba ti àwọn tí físíò ṣiṣẹ́ lé lórí jù, kí físíò gba ti àwọn tí nọ́ọ̀sì gbé dìde. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ rárá, kí méjì nínú yín fún aláìsàn kan náà ní máàkì láìjẹ́ kí ìkínní rí ti ìkejì. Ẹ máa rí i pé 'ó nílò ìrànlọ́wọ́ díẹ̀' ní ìtumọ̀ méjì lórí wọ́ọ̀dù kan ṣoṣo. Ẹ jókòó, ẹ fẹnu kò.

Lẹ́yìn èyí, ẹ bi aláìsàn ohun tó ń fẹ́. Ní 1968, Kiresuk àti Sherman ní Amẹ́ríkà gbé ọ̀nà kan kalẹ̀ tí a fi ń dárúkọ ibi tí a fẹ́ kí aláìsàn kọ̀ọ̀kan dé, tí a ó sì fi bó ṣe sún mọ́ ọn tó fún un ní máàkì láti -2 dé +2, òdo sì ni bí ó bá dé ibi tí a retí gan-an. Iṣẹ́ ìtọ́jú ọpọlọ ni wọ́n ṣe é fún, ṣùgbọ́n ó bá rọpárọsẹ̀ mu. Ìyá kan sọ fún mi pé òun fẹ́ fi ọwọ́ ara òun wé gèlè lọ síbi ìgbéyàwó ọmọ òun. Àlùfáà kan fẹ́ ṣe àlùwàlá láìsí ẹni tó ń bu omi fún un. Kò sí ìwọ̀n kankan tó máa béèrè ìyẹn lọ́wọ́ wọn. Fún èyí tó jẹ mọ́ bí ayé ṣe rí lára aláìsàn, a tilẹ̀ ní ohun tí wọ́n ṣe nílé wa: Ọ̀jọ̀gbọ́n Mayowa Owolabi ní Ìbàdàn ṣe ìwé ìbéèrè kan fún àwọn tó ní rọpárọsẹ̀, HRQOLISP lorúkọ rẹ̀. Kì í ṣe ara àti èrò inú nìkan ló ń béèrè, ó ń béèrè ọ̀rọ̀ ẹ̀mí pẹ̀lú, èyí tí ọ̀pọ̀ ìwé ìbéèrè òkèèrè kì í fún láyè tó. Ó gùn, nítorí náà mi ò ní kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi í sí oṣù kẹfà lẹ́yìn tí àìsàn bá kọlù ènìyàn. Kí ẹ tó dé ibẹ̀, ẹ máa bi ẹni tó ń tọ́jú aláìsàn ní gbólóhùn kan: ṣé o ti padà sẹ́nu òwò rẹ? Bí Bàbá bá dé 80 lórí ìwọ̀n Barthel tí ọmọbìnrin rẹ̀ sì ti kó ìsọ̀ rẹ̀ sílé pátápátá, èmi kò lè pe ìyẹn ní 80.

Níbo ni gbogbo èyí yóò wà? Fáìlì mẹ́fà ni ẹ ní nísinsìnyí, mo mọ̀ ọ́n láìdé ọ̀dọ̀ yín. Ẹ ṣe káàdì kan ṣoṣo. Ìmèsí-Ilé kò jìnnà sí yín. Ibẹ̀ ni Dókítà David Morley, tó wà ní ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà, ti lo káàdì ìwọ̀n ọmọdé láàárín ọdún 1956 sí 1961, èyí tí wọ́n wá mọ̀ káàkiri ayé lẹ́yìn náà. Ìlà kan ló wà lórí káàdì yẹn, tí ìwọ̀n ọmọ ń gùn tàbí ń sọ̀ lórí rẹ̀, ìyá ọmọ ló sì ń mú un lọ sílé. Dókítà kà á, nọ́ọ̀sì kà á, ìyá tí kò mọ̀wé ń wo ibi tí ìlà kọjú sí. Ẹ ṣe irú rẹ̀ fún Barthel: òdo dé 100 ní ẹ̀gbẹ́, ọjọ́ ní ìsàlẹ̀, kí mọ̀lẹ́bí mú ọ̀kan lọ sílé, kí ẹ fi ọ̀kan pa mọ́.

Ẹ má sọ ìdá nínú ọgọ́rùn-ún fún ọ̀gá yín lọ́dún yìí. Bí aláìsàn bá jẹ́ 24, tí ẹnì kan ṣoṣo sì kú ju ti èṣí lọ, ìdá náà á fò sókè bí ẹni pé àjàkálẹ̀ àrùn wọ̀lú. Ẹ fi ènìyàn hàn án: èyí ni gbogbo àwọn tó dé, èyí ni àwọn tó ń dá nǹkan ṣe ní ọjọ́ 90, èyí ni àwọn tó nílò ènìyàn, èyí ni àwọn tó kú, èyí ni àwọn tí a kò rí mọ́. Kí ẹ́ má fi àwọn tí ẹ kò rí mọ́ pa mọ́. Ẹ sì bẹ̀ ẹ́ lórúkọ mi pé kó má so owó àjẹmọ́nú mọ́ máàkì yìí láé. Lọ́jọ́ tó bá so ó, ẹni tó dé láìmọ ara rẹ̀ kò ní rí bẹ́ẹ̀dì mọ́ ní wọ́ọ̀dù yín, gbogbo yín yóò sì ní àlàyé tó dára fún un.

Ó ku bàbá tó kú ní ọjọ́ kejì. Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ kà á. Ìwọ̀n kan wà tó ti ọ̀dọ̀ John Rankin ní Glasgow wá ní 1957, tí wọ́n tún ṣe lẹ́yìn náà: òdo ni ẹni tí kò ní ìyọnu kankan mọ́, 5 ni ẹni tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì láìlè ṣe ohunkóhun, 6 ni ẹni tó kú. Ẹ máa kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ Barthel ní ọjọ́ 90, torí Barthel kò ní àyè fún òkú, ìdí sì nìyẹn tí àwọn òkú fi máa ń bọ́ sílẹ̀ nínú ìṣirò. Ẹ kọ ọjọ́ tí àìsàn kọlù ú, wákàtí tí wọ́n gbé e dé, bó ṣe rí nígbà tó dé, kí ẹ wá kọ 6. Lẹ́yìn náà ni kí gbogbo yín jókòó fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kí ẹ wo ìlérí kọ̀ọ̀kan: ṣé a dán ọ̀fun rẹ̀ wò kó tó gba omi, ṣé ẹnì kan yí i padà lóru, ṣé àwọn ọmọ rẹ̀ mọ̀ ní àkókò pé ó le tó bẹ́ẹ̀, ṣé ẹnì kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nígbà tó ń lọ. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni ìbá ṣe. Ẹ kọ ìyẹn náà sílẹ̀ bí ó bá jẹ́ òtítọ́, kí ẹ sì fi ìlà rẹ̀ ṣe àkọ́kọ́ nínú ìwé tuntun yín.